Orúkọ Ayàwòrán àti Ìwà Ilẹ̀: Ohun tí Pápá Gọ́ọ̀fù Jàpáànì Lè Kọ́ Maiduguri

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Pápá gọ́ọ̀fù ilẹ̀ Jàpáànì ni, pàápàá àwọn èyí tí òyìnbó ayàwòrán pápá kan tó lókìkí, Charles Hugh Alison, yà fún wọn ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo fẹ́ fi í dáhùn wà lẹ́nu ọ̀nà wa níbí. Bí ìlú bá fẹ́ ṣe ohun ńlá sórí ilẹ̀ rẹ̀, ta ló yẹ kó gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu? Ṣé ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti kárí ayé ni, àbí àwọn tó mọ ìṣe ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀rùn àti lójò? Èrò tèmi ni pé orúkọ ayàwòrán ní iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ gidi sì ni, àmọ́ àwọn tó ń tọ́jú ilẹ̀ ló ń sọ pápá di pápá. Àwọn ará Jàpáànì tètè mọ èyí, ohun tó sì jẹ́ kí iṣẹ́ Alison wà títí dòní nìyẹn. Maiduguri, tó ń tún ara rẹ̀ kọ́ lẹ́yìn ogun àti omíyalé, nílò láti mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Alison kọ́ ló gbé gọ́ọ̀fù dé Jàpáànì. Oníṣòwò ará Ìlú Ọba kan tó ń gbé ní Kobe, Arthur Groom, ló la ihò mélòó kan sórí òkè Rokko, tí Ẹgbẹ́ Gọ́ọ̀fù Kobe sì fi bẹ̀rẹ̀ ní 1903. Nígbà tí yóò fi di 1930, àwọn ọmọ Jàpáànì ti ń gbá a dáadáa, wọ́n sì ti ń fúnra wọn la pápá. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni ojú ẹni tó ti rí èyí tó dára jù lọ láyé. Ẹgbẹ́ Gọ́ọ̀fù Tokyo ló ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ Harry Colt ní England, Alison tí í ṣe alábàáṣiṣẹ́pọ̀ Colt ló sì lọ. Ó gúnlẹ̀ ní ìparí ọdún 1930, òun pẹ̀lú George Penglase, ọmọ Amẹ́ríkà tó mọ bí a ti ń kó iyẹ̀pẹ̀ jọ àti bí a ti ń gbẹ́ kòtò. Oṣù díẹ̀ péré ni Alison lò. Láàárín oṣù wọ̀nyí ló ya pápá Asaka fún Tokyo, ló ya Hirono lẹ́bàá Kobe, ló ya èyí tí wọ́n ń pè ní Fuji ní Kawana létí òkun, tó sì tún tún àwọn kòtò yanrìn Kasumigaseki gbẹ́. Hirono ṣí ní 1932, Kawana ṣí ní 1936. Di òní olónìí, bí àwọn tó mọ gọ́ọ̀fù bá ń ka àwọn pápá tó dára jù lọ láyé, Hirono kì í gbẹ́yìn. Àní, orúkọ Alison ni àwọn ará Jàpáànì fi ń pe kòtò yanrìn tó jìn, bí ahọ́n wọn ṣe gbé e: Arison.

Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní ọ̀rọ̀ ti parí: ẹ wá olókìkí, ẹ sanwó fún un, kí ó yàwòrán, kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìtàn náà síwájú. Alison ti kúrò ní Jàpáànì kí Hirono tó ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn tó kù nídìí iṣẹ́ ni àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Osamu Ueda wà ní Hirono nígbà tí wọ́n ń ṣe é, òun ló sì wá ń bójú tó pápá náà. Láti ibẹ̀ ló ti di ayàwòrán pápá fúnra rẹ̀, tó fi ya Koga ní 1953, níbi tí ìdíje àgbà ti Jàpáànì ti wáyé lẹ́yìn náà. Seiichi Inoue rí iṣẹ́ Alison ní Kasumigaseki, ó sì jókòó ti iṣẹ́ náà títí tí òun náà fi ya Oarai sáàárín igi páìnì létí òkun. Kinya Fujita, tó kọ́kọ́ ya pápá ìlà-oòrùn Kasumigaseki kí Alison tó dé, kò kọ̀ kí àlejò fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀. Oṣù díẹ̀ tí Alison lò di ilé ẹ̀kọ́ fún ìran kan. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó tóbi jù lọ tó ṣe nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú àdéhùn tí wọ́n bá a ṣe.

Ẹ wá wo Asaka àti Hirono lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí ọwọ́ kan náà ló yà wọ́n, nínú ìrìn àjò kan náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilẹ̀ Asaka bọ́ sọ́wọ́ ológun, pápá náà sì pa rẹ́. Hirono náà kò mú un jẹ: wọ́n sọ apá kan rẹ̀ di ibi tí ọkọ̀ òfurufú ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun, Ueda àti àwọn èèyàn rẹ̀ dá koríko padà síbẹ̀. Nígbà tó sì di 2019, tí Martin Ebert láti Ìlú Ọba wá tún un ṣe, fọ́tò àtijọ́ tí ẹgbẹ́ náà ti tọ́jú pa mọ́ wà nílẹ̀ tó lè fi ṣe ìtọ́sọ́nà. Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀bi àwọn ará Asaka kọ́, pé ta ló lè bá ológun jà? Òótọ́ ni, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwòrán kò gba Asaka là, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwòrán nìkan ló gba Hirono là. Àwọn tó rántí bí ilẹ̀ náà ṣe rí tẹ́lẹ̀, tí ìfẹ́ rẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn wọn, ló dá a padà.

Ẹ̀rí kejì wà nínú koríko, òun ló sì sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù. Gíríìnì, ìyẹn ibi tí ihò wà, tí a ti ń fi ọ̀pá rọra ti bọ́ọ̀lù, fẹ́ koríko tó kúrú tó sì dán. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn ní Ìlú Ọba kò fẹ́ ooru àti ọ̀rinrin tó máa ń wà ní ìgbà ooru Jàpáànì. Koríko Jàpáànì, kórai, gba ooru yẹn, ṣùgbọ́n bí òtútù bá dé, á pọ́n, á sì sùn. Kí ni wọ́n ṣe? Lórí ọ̀pọ̀ pápá wọn, wọ́n ṣe gíríìnì méjì fún ihò kan, ọ̀kan fún ìgbà ooru, ọ̀kan fún ìgbà òtútù. Irú èyí kò wọ́pọ̀ ní England. Àwọn òyìnbó kan rí i, wọ́n ní ó bá ojú pápá jẹ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà ni, àwọn ọmọ Jàpáànì sì fi gbá gọ́ọ̀fù yípo ọdún. Nígbà tí irú koríko tuntun tó gba ooru jáde, Kasumigaseki pe Tom Fazio àti ọmọ rẹ̀ Logan láti Amẹ́ríkà, wọ́n sì sọ gíríìnì méjì di ẹyọ kan kí ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo tó dé. Ẹ ṣàkíyèsí bó ṣe tẹ̀ léra: ilẹ̀ kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni ayàwòrán sọ tirẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń bu Alison kù. Ohun tó mú wá kì í ṣe kékeré. Ojú àlejò máa ń rí ohun tó ti mọ́ onílé lára tí kò fi kà á sí mọ́. Ó lo àfonífojì bí ó ṣe wà, kí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ronú kí ó tó fò ó. Ó fi hàn pé kòtò yanrìn tó jìn lè mú kí òṣèré yan ọ̀nà, dípò kó máa gbá lọ tààrà bí ẹni tí kò ní làákàyè. Àmọ́ àwọn àgbà wa ti sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran, òye Alison sì wà nínú pé ó jẹ́ kí àwọn tó ń ríran wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, Áfíríkà náà ló parí ìgbésí ayé rẹ̀ sí. Ó kú ní Johannesburg ní 1952.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí orúkọ bá ṣíwájú ilẹ̀, Jàpáànì kan náà ni ẹ ó wò, ní ọdún 1980 sókè. Owó pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ilẹ̀ wọ́n gógó, ilé ìfowópamọ́ ń yá gbogbo ẹni tó béèrè lówó. Wọ́n pe Jack Nicklaus, wọ́n pe Arnold Palmer, wọ́n pe Pete Dye. Wọ́n gé orí òkè, wọ́n dí àfonífojì, wọ́n ń ta ipò ọmọ ẹgbẹ́ bí ẹni ń ta ìwé ìpín ilé iṣẹ́. Pápá gọ́ọ̀fù ilẹ̀ náà lé ní 2,000. Àwọn ará abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀hónú hàn nítorí oògùn koríko tó ń ṣàn wọ odò wọn. Lẹ́yìn 1990 tí owó fọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn jókòó sínú gbèsè, àwọn pápá kan sì ti di ibi tí a ń to pánẹ́ẹ̀lì iná oòrùn sí. Ọ̀wọ́ àwọn olókìkí tó ya púpọ̀ nínú wọn kò kéré sí Alison ní ìmọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí wọ́n pè wọ́n wá ṣe: orúkọ wọn ni wọ́n rà láti fi tajà.

Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká bọ̀ wálé. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ni ilẹ̀ Maiduguri? Ìlú yìí, tí Shehu ti Borno kó àga rẹ̀ wá láti Kukawa ní 1907, jókòó sórí ebè yanrìn gígùn kan tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Bama Ridge. Ebè yìí ni etí adágún Chad àtijọ́, nígbà tí adágún náà tóbi tó nǹkan bí 350,000 kìlómítà níbùú àti lóròó, ní bí 6,000 ọdún sẹ́yìn. Ìgbì omi ló kó yanrìn yẹn jọ. Níwájú rẹ̀, sí ọ̀nà adágún, ni ilẹ̀ amọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní firki wà, èyí tí àwọn àgbẹ̀ Kanuri àti Shuwa ń mọ ebè yí ká kí omi òjò lè dúró, tí wọ́n sì ń lọ́ ọkà masakwa sí nígbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ ńlẹ̀, kó fi ọ̀rinrin inú amọ̀ dàgbà nínú ọyẹ́. Ìmọ̀ ilẹ̀ wà níbí, ó sì jinlẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé orí ilẹ̀ tó jọ Bama Ridge yìí gan-an ni gọ́ọ̀fù ti ṣẹ̀. Ní Scotland, ilẹ̀ yanrìn tí òkun fi sílẹ̀ sáàárín etíkun àti oko, tí kò dára fún ọ̀gbìn, ni wọ́n ti ń gbá a. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé yanrìn Maiduguri kò bá gọ́ọ̀fù mu kò mọ ibi tí gọ́ọ̀fù ti wá.

Àtakò kan yóò dìde kíákíá: yanrìn wà lóòótọ́, omi ńkọ́? Òjò Maiduguri máa ń tó nǹkan bí 600 mìlímítà lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń rọ̀ láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́rin péré. Ti Kobe tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ó sì pín káàkiri ọdún. Ní oṣù kẹrin, ooru ibí máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì. Ní ilẹ̀ gbígbẹ, pápá oníhò 18 tó tutù yọ̀yọ̀ lè mu omi tó lé ní mílíọ̀nù kan lítà lójúmọ́ kan. Kànga-ẹ̀rọ tó jìn lọ sínú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ń gbára lé níbí, omi abẹ́ ilẹ̀ náà sì ti ń lọ sílẹ̀. Mo gba àtakò yìí pátápátá. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àwòrán pápá aláwọ̀ ewé wá fún Borno, pẹ̀lú adágún àtọwọ́dá àti koríko láti Amẹ́ríkà, kí a dá a padà, ì báà jẹ́ ẹni tó lókìkí jù láyé ló fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́, ìtìjú ni kò jẹ́ ká gbé e jáde. Búráùn ni. Ní Ìhà Àríwá wa, wọ́n ti pẹ́ tí wọ́n ń fi yanrìn tí wọ́n pò mọ́ òróró ẹ́ńjìnnì ṣe ibi tí ihò wà, wọ́n á fi rólà tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò sì ní fẹ́ ẹ lọ. Bí òṣèré bá dé ibẹ̀, kádì, ìyẹn ẹni tó ń bá a ru àpò ọ̀pá, á fa ohun pẹlẹbẹ kan lórí rẹ̀ láti ibi tí bọ́ọ̀lù wà dé ihò, kí ọ̀nà lè dán. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ka èyí sí gọ́ọ̀fù tálákà. Ẹ gbọ́ ná. Pápá Groom lórí òkè Rokko, ìyá gbogbo pápá Jàpáànì, yanrìn ni gíríìnì rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Pinehurst No. 2 ní Amẹ́ríkà, tí Donald Ross ọmọ Scotland yà, tó sì ṣí ní 1907 tí Maiduguri di olú ìlú Shehu, yanrìn ni gíríìnì rẹ̀ títí di 1935. Ross kò torí ìtìjú fi koríko sí i. Ó dúró di ìgbà tí koríko lè yè níbẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè wa yìí, orí búráùn Ikoyi ni Sandy Lyle ti gbá 61 àti 63 ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ìdíje Nigerian Open ti 1978. Ọdún méje lẹ́yìn ìgbà náà, ó gba ìdíje The Open ní Ìlú Ọba, ó sì gba Masters ní 1988. Búráùn kò dín ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kù. Ohun tó yẹ ká tún ṣe nínú rẹ̀ ni òróró ẹ́ńjìnnì, tó ń jò wọ ilẹ̀, tí kò sì yẹ kó sún mọ́ kànga ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ìwádìí tó bá àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì wa mu nìyẹn: kí ni a lè pò mọ́ yanrìn tí yóò dì í mú, tí kò sì ní ba omi jẹ́?

Àtakò tó wúwo jù ni mo fi sẹ́yìn. Àwọn kan yóò sọ pé: ní Borno, níbi tí ogun ti lé àìmọye èèyàn kúrò nílé láti 2009, níbi tí dáàmù Alau ti ya ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 2024, tí omi odò Ngadda bo ìlú, tí ó lé ní 400,000 èèyàn sá fi ilé sílẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀fù ló kàn? Rárá, òun kọ́ ló kàn. N kò dábàá pé kí ìjọba fi owó ilé àti oúnjẹ àwọn tí omi lé la pápá fún àwọn ọlọ́lá. Ìdí tí mo fi gbé pápá Jàpáànì wá ni pé àtúnkọ́ ìlú ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń yàwòrán sì ń wá láti òkèèrè: dáàmù, afárá, ọgbà ìgbafẹ́, ilé àwọn aláìnílé. Ìbéèrè kan náà ló wà lórí gbogbo wọn. Omi 2024 gba ọ̀nà tí odò ti ń gbà tipẹ́tipẹ́ ni. Ó wọ Sanda Kyarimi Park, ó pa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹranko ibẹ̀, ó sì gbé ọ̀nì jáde sígboro. Ilẹ̀ etí Ngadda kò yẹ fún ilé. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní gbalasa, kí ó jẹ́ pápá eré àti ibi ìjẹko, ibi tí omi lè tẹ́ sí fún ọjọ́ mélòó kan kó tó fà, àǹfààní ni. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tún rántí pé dáàmù yẹn ti ya rí, ní 1994. Ṣé ẹnikẹ́ni ti jókòó tì wọ́n láti gba ẹ̀rí lẹ́nu wọn kí wọ́n tó fi rúlà lé ìwé?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun tó ti òkèèrè wá kò lè fìdí múlẹ̀ níbí. Dóńgóyárò tó ń fún wa ní òjìji ní òpópónà Maiduguri, àlejò ni. Láti Ghana ni irúgbìn rẹ̀ ti wá ní 1928, ilẹ̀ gbà á nítorí pé ó gba ilẹ̀. Ní Ifẹ̀, Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Bauhaus, ya yunifásítì pẹ̀lú Egbor, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà. Ó jẹ́ kí àjà òkè máa yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí òjò àti oòrùn má bàa wọlé. Ilé wọ̀nyẹn ṣì dúró, wọ́n sì ṣì tutù. Jàpáànì náà ti ránṣẹ́ sí wa: Kenzo Tange ló ya àárín gbùngbùn Abuja. A kò kọ àlejò. Àwọn tó rí owó ṣe nǹkan yóò sì sọ fún wa pé orúkọ ńlá ló ń fa olówó wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń fà á wá fún ọjọ́ ìṣílé. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ta ni yóò máa fa yanrìn tẹ́jú láàárọ̀? Ta ni yóò mọ̀ pé ihò keje máa ń kún lọ́sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ?

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò le, ó sì ṣeé kọ sínú ìwé àdéhùn. Kí ayàwòrán tó bá ń bọ̀ rí ilẹ̀ náà ní oṣù kẹrin, kí ó tún padà rí i ní oṣù kẹjọ, kí ó tó gba ìdajì owó rẹ̀. Kí wọ́n yan ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta láti inú ìlú, tó ti ka ìmọ̀ ilẹ̀, omi tàbí ewéko, kí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn, kí orúkọ wọn sì wà lórí àwòrán náà. Kí ó kọ iye omi tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa lò lóṣooṣù, àti ibi tí omi náà yóò ti wá, kí wọ́n kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo àdúgbò. Kí owó ìtọ́jú ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ wà lápá kan kí a tó gbẹ́ ilẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pápá gọ́ọ̀fù ni, kí ìlú lè máa gbà á kọjá, kí àwọn kádì ní ilé ẹ̀kọ́ àti owó oṣù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ gọ́ọ̀fù jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí, ìdí àpò ọ̀pá ẹlòmíràn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.